Àdá, Ìwé Ìkìlọ̀ àti Ilé Àtìpa: Bí Òfin Koríko Ṣe Dé Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Àdá wà nínú ìtàn tí àwọn ará Ìgbómìnà ń sọ nípa bí wọ́n ṣe dé ilẹ̀ wọn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ọmọ Odùduwà ń tú kúrò ní Ifẹ̀, Ọ̀ràngún gba àdá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ògbó, òun ni wọ́n sì fi ń la igbó lọ títí wọ́n fi rí ibi tí wọ́n lè tẹ̀dó sí. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ajàsẹ́-Ìpo dé Òmù-Àrán nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti mu ún yó, yóò mọ ìdí tí ìtàn náà fi gbé àdá síwájú. Èésún a ti ga ju ènìyàn lọ ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ̀kan a ti bo oko tí wọ́n pa tì lésìí. Ilé tí wọ́n tì pa láti oṣù kẹrin, koríko á ti dé ojú fèrèsé rẹ̀.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà kò dí bí igbó kìjikìji, kò sì là gbalasa bí ọ̀dàn òkè Ọya. Àárín méjèèjì ló wà. Òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó ń dá ní oṣù kẹwàá. Koríko a hù, a ga, a gbó. Bí ọyẹ́ bá dé, a gbẹ pátápátá, iná kékeré tí ọdẹ tàbí àgbẹ̀ kan dá á sì lè jó láti abúlé kan dé èkejì. Nítorí náà, ọ̀ràn koríko ẹ̀yìnkùlé ti ju ọ̀ràn ẹwà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń sá fún ejò, paramọ́lẹ̀ àti sèbé ní pàtàkì. Wọ́n ń sá fún iná, nítorí koríko gbígbẹ ni wọ́n fi ń bo ilé kí páánù tó dé. Wọ́n sì ń sá fún ọ̀nà odò tó dí, níbi tí obìnrin tó ru omi kò ti ní rí ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé.

Iṣẹ́ náà ní ẹni tó ni ín. Nínú agbo ilé, obìnrin àti ọmọdé ló ń gbá ojúde láràárọ̀, wọ́n á kó ìdọ̀tí lọ sí ààtàn. Ọkùnrin ló ń fi ọkọ́ ro ẹ̀yìnkùlé, tó ń ṣán etí ilé. Baálé ló ń wo ohun tí kò tíì di ṣíṣe, òun náà ló sì ń bá ẹni tó bá ya ọ̀lẹ wí. Ọ̀nà tó ti ìlú jáde, tó lọ sí odò, sí ọjà àti sí ìlú kejì, ti gbogbo ìlú ni. Ọba tàbí baálẹ̀ á dá ọjọ́, àwọn ẹgbẹ́ á jáde pẹ̀lú àdá àti ọkọ́, wọ́n á yẹ ọ̀nà dé ààlà ìlú wọn, kí àwọn ará ìlú kejì náà yẹ tiwọn wá pàdé. Kí ọdún egúngún tó dé, iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ti parí. Ẹni tí kò bá wá á san owó ìtanràn, bí kò bá sì san án, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé nǹkan rẹ̀. A kò kọ òfin yìí sínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n òfin ni, ó sì múlẹ̀ nítorí pé àwọn tó ń fi í múlẹ̀ ń gbé ibẹ̀, ejò tó bá jáde nínú koríko ẹlòmíràn lè bu ọmọ tiwọn jẹ.

Àwọn igbó kan sì wà tí àdá kò gbọdọ̀ kàn. Igbó orò wà, igbàlẹ̀ wà, igbó òrìṣà wà, ìgbà mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ ilé gbígbé gan-an. Ní Èsìẹ́, irú ojúbọ inú igbó bẹ́ẹ̀ ló pa ọ̀kan nínú àwọn ohun ìyanu ilẹ̀ Yorùbá mọ́. Ère òkúta tó ju 800 lọ wà níbẹ̀ ní abẹ́ igi, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ jókòó sórí àpótí, àwọn kan mú idà lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó lè fi ìdánilójú sọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n tí wọ́n di òkúta. Àwọn ará Èsìẹ́ ń bọ wọ́n lọ́dọọdún láti ìgbà pípẹ́ kí H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, tó ròyìn wọn fún àwọn aláwọ̀ funfun ní 1933. Ní 1945, ibẹ̀ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Igbó tí ẹnì kan kò ṣán ni ó fi nǹkan yìí pamọ́ fún wa. Òfin tó bá ka gbogbo igbó inú ìlú sí ẹ̀gbin kò ní rí àyè kankan fún irú igbó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin tó ń bọ̀ lọ́nà nígbà náà ṣe rí.

Ní oṣù kejì 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ní ilẹ̀ Íńdíà, dókítà Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Kò pẹ́ tí ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì fi pàdé. Àwọn Òyìnbó tí ibà ti ń pa bí ẹran ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá rí ọ̀tá tí wọ́n lè bá jà, wọ́n sì gbé ìjà náà wọ ojúde àwọn ènìyàn. Ní Èkó, Gómìnà William MacGregor, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò, ó ń fa omi kúrò nínú àbàtà. Ní àríwá, ọ̀nà mìíràn ni Lugard, aláṣẹ Òyìnbó ibẹ̀, gbà. Ó pàṣẹ pé kí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 440 yáàdì ṣófo láàárín àdúgbò Òyìnbó àti ti ọmọ ilẹ̀, nítorí ẹ̀fọn àti nítorí iná tó lè ràn láti orí òrùlé koríko. Ta ni òfin ìmọ́tótó àkọ́kọ́ wọ̀nyí ń dáàbò bò? Òyìnbó ni.

Ní 1917, ìjọba gbé òfin ìlera gbogbogbò jáde fún Nàìjíríà. Nínú àwọn ohun tí òfin náà kà sí ìnira fún ará ìlú, èpò, koríko gígùn àti igbó wà níbẹ̀, pẹ̀lú omi tó dúró, ìdọ̀tí àti ilé tó fẹ́ wó. Ọ̀rọ̀ pọ́ọ́kú ni nínú ìwé, ṣùgbọ́n ó yí nǹkan ńlá padà. Láti ọjọ́ náà, koríko tó wà lórí ilẹ̀ ẹni di ẹ̀sùn tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ pe ènìyàn lẹ́jọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni òfin ń wá, onílé tàbí ẹni tó ń gbé inú ilé. Kò mọ baálé, kò mọ ẹgbẹ́, kò mọ agbo ilé.

Ẹni tó gbé òfin náà dé ẹnu ọ̀nà ni wolé-wolé. Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá ìlera fún ìlú Èkó, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí baba iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà. Òun ló dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, òun náà ló sì darí iṣẹ́ àyẹ̀wò ilé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924. Ṣùgbọ́n Ìgbómìnà kò sí lábẹ́ Èkó. Ẹkùn Ìlọrin ni wọ́n pín in sí, Ìlọrin sì wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, nítorí náà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlọrin, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NA, ni wolé-wolé Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Ní Kánò, duba-gari ni wọ́n ń pe irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n ń yẹ ilé rẹ̀ wò ní Ìgbómìnà, ṣùgbọ́n olú-ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòfin ìlera rẹ̀ wà ní Kàdúná.

Àwọn tó dàgbà ní ìgbà náà kò gbàgbé aṣọ kákí, kẹ̀kẹ́ ológeere àti ìwé kékeré tó wà nínú àpò. Bí wọ́n bá ti gbúròó rẹ̀ ní agbègbè kan, ìròyìn á ti sá ṣáájú rẹ̀ dé agbègbè kejì: wolé-wolé ń bọ̀! Obìnrin á yára da omi inú àmù nù, ọmọdé á gbá ẹ̀yìn àdìrò, ọkùnrin á fa àdá yọ. Wolé-wolé á yẹ inú àmù wò bóyá tánwíìjí wà níbẹ̀, á yọjú sí ṣáláńgá, á wá yí ilé po láti wo koríko. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìwé ìkìlọ̀ á jáde pẹ̀lú iye ọjọ́ tí onílé ní láti tún ibẹ̀ ṣe. Bí ọjọ́ bá pé tí igbó ṣì wà níbẹ̀, ó di kóòtù, kóòtù sì ni owó ìtanràn.

Òtítọ́ kan wà tó yẹ kí á sọ nípa ẹ̀fọn àti koríko. Inú omi ni tánwíìjí ń gbé, kì í gbé inú koríko. Ẹ̀fọn tó ti dàgbà lè sá sínú igbó tútù láti sinmi ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ro etí rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí agolo ọlọ́mi mẹ́ta sì wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò bí ẹ̀fọn ju ilé tí koríko yí ká lọ. Àwọn wolé-wolé mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àmù fi máa ń jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣí. Ṣùgbọ́n koríko rọrùn láti rí láti orí kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rí ẹ̀sùn rẹ̀ kì í sá lọ, wọn kì í sì í lè dà á nù ní ìṣẹ́jú kan bí omi àmù. Bóyá ìdí nìyẹn tí koríko fi gba ipò tó ga nínú ìwé ìkìlọ̀ ju bí ó ti tọ́ sí i nínú ọ̀ràn ibà lọ. Ti ejò àti ti iná, tí àwọn baba wa tìtorí rẹ̀ ń ṣán an, kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́kàn àwọn tó kọ òfin náà.

Ìjọba Àríwá fi igbó ṣíṣán ṣe ìwòsàn lóòótọ́ níbì kan, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ní Anchau, lẹ́bàá Zaria, àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri ti gba àwọn abúlé kan. Láti 1937, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó etí odò ní ilẹ̀ tó gùn tó máìlì 70, tó sì fẹ̀ tó máìlì 10, wọ́n kó ènìyàn lọ sí ibi tuntun, eṣinṣin náà sì kúrò níbẹ̀. Ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé wọ́n mọ igbó tó yẹ kí wọ́n ṣán, àwọn ará abúlé sì ń tún un ṣán lọ́dọọdún. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, tí wọ́n ṣe pa pọ̀.

Irú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe bẹ́ẹ̀ náà ti di ọ̀ràn òfin nígbà náà. Ní 1930, àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ṣe àdéhùn tó ka iṣẹ́ àfipáṣe léèwọ̀, ṣùgbọ́n ó yọ iṣẹ́ kéékèèké tí ará ìlú ń ṣe fún ire ara wọn sílẹ̀. Títí di òní, òfin orílẹ̀-èdè 1999, ní abala 34, sọ ohun kan náà: ojúṣe tí ará ìlú ń ṣe fún àlàáfíà ìlú kì í ṣe iṣẹ́ àfipáṣe. Ọ̀wẹ̀ àti ọ̀nà yíyẹ tí àwọn ẹgbẹ́ Ìgbómìnà ń ṣe ṣì ní àyè nínú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe é ti ń dín kù.

Láàárín ìgbà wọ̀nyí, èpò tuntun kan wọ ilẹ̀, ó sì le ju gbogbo èyí tí àwọn wolé-wolé ti ń bá jà lọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti wá. Ó gba Éṣíà kọjá, ó sì bá èso igi gmelina tí wọ́n kó láti Ceylon, èyí tó ń jẹ́ Sri Lanka báyìí, dé Enugu ní nǹkan bí 1937. Èso rẹ̀ fúyẹ́, ó nírun, atẹ́gùn ló ń gbé e kiri. Ó tẹ̀lé títì, ó tẹ̀lé oko tí wọ́n pa tì, nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1960, ó ti wọ ibi gbogbo nílẹ̀ Yorùbá. Ìgbà náà ni ìjà àwọn olóṣèlú méjì, Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, gba ìlú kan. Àwọn ènìyàn sì sọ èpò náà lórúkọ àwọn méjèèjì, àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, àwọn mìíràn ní Akíntọ́lá, títí di òní. Bí o bá ṣán an lónìí, gbòǹgbò rẹ̀ á tún rú. Tata tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ fẹ́ràn òdòdó rẹ̀. Síbẹ̀, òun ló ń bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀ tí ẹ̀kan fi ń kú, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì gbà pé ilẹ̀ tó bá ti hù sí ń lọ́ràá. Ẹni tí àdá bá sì bù lọ́wọ́ nígbà tó ń ṣán an, ewé rẹ̀ gan-an ni wọn á fún sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

Ibi tí òfin kùnà jù nìyí lójú ẹni tó ń kọ èyí. Nínú ìwé, èpò ni èpò. Ní ẹ̀yìnkùlé Òmù-Àrán, ẹ̀bọ̀lọ̀ àti yánrin ń hù fúnra wọn, ọbẹ̀ ni wọ́n. Imí-èṣù àti rínrín ń hù, oògùn ni wọ́n. Ìyá àgbà tó bá dá ẹ̀bọ̀lọ̀ sí nígbà tó ń ro ilẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe, kò sì sí ìlà kankan nínú òfin 1917 tàbí nínú òfin Àríwá tí ìpínlẹ̀ Kwara jogún nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967 tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó jẹ́ kí èésún bo ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn àtúntò ọdún 1976, Òmù-Àrán di olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Èsìẹ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ìmọ́tótó sì kúrò lọ́wọ́ NA. Kò ju ọdún mẹ́jọ lọ lẹ́yìn náà tí àwọn ológun fi gba koríko lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ pàápàá. Ní oṣù kẹta 1984, ìjọba Buhari àti Túndé Ìdíàgbọn, ọmọ Ìlọrin, gbé ètò tí gbogbo ayé mọ̀ sí WAI, ìyẹn ogun sí àìníkòóra-ẹni-níjàánu, kalẹ̀. Ní oṣù keje 1985, ó kan ìmọ́tótó àyíká. Ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù di ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde ní òwúrọ̀ títí aago mẹ́wàá. Gbogbo ìlú á ro, á gbá, á kó ìdọ̀tí sí etí títì. Ìjọba náà ṣubú ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ṣùgbọ́n Sátidé ìmọ́tótó kò bá a lọ. Ó wọ ara àwọn ènìyàn, bóyá nítorí pé ó fara jọ ohun tí wọ́n ti mọ̀: ọjọ́ kan, iṣẹ́ kan, gbogbo ènìyàn níta. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹ̀rù sójà.

Kóòtù ló wá béèrè bóyá òfin ló ti ìséra-mọ́lé náà lẹ́yìn. Ní Èkó, ní oṣù kẹta 2015, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ sọ pé kò sí òfin tó fún ìjọba láṣẹ láti sé ènìyàn mọ́lé nítorí ìmọ́tótó. Ní oṣù kọkànlá 2016, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá obìnrin kan tí wọ́n mú lójú ọ̀nà ní 2013 láre lórí ọ̀ràn kan náà, ìjọba Èkó sì fòpin sí ìséra-mọ́lé náà lóṣù yẹn gan-an. Ìdájọ́ náà dára. Ẹni tó ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù ní aago mẹ́jọ kò yẹ kó bá ọlọ́pàá pàdé nítorí ìgbálẹ̀.

Àwọn ọmọ Ìgbómìnà tó wà lókè òkun mọ ojú òfin koríko tó tún le jù báyìí lọ. Ní 1903, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Missouri fọwọ́ sí òfin ìlú St. Louis tó ní èpò kò gbọdọ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ lórí ilẹ̀ ẹni. Ní Houston, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, ínṣì 9 ni wọ́n fi ààlà sí. Ní Dunedin ní Florida, ọkùnrin kan tí kò sí nílé nítorí ọ̀ràn ìyá rẹ̀ tó kú padà wá bá gbèsè ìtanràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000 dọ́là, nítorí koríko ìwájú ilé rẹ̀ ga ju ínṣì 10 lọ ní 2018. Ìlú náà fẹ́ gba ilé rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ́ wa ní òfin 1917, fi ọwọ́ fúyẹ́ mú tirẹ̀: òfin èpò wọn ti 1959 dárúkọ oríṣi èpò márùn-ún péré, èyí tó ń ba oko àti ẹran ọ̀sìn jẹ́.

Ọ̀ràn Dunedin yẹn, ti ẹni tí kò sí nílé, ló sún mọ́ ohun tó wà ní Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ lónìí jù. Yorùbá ní bí baálé ilé bá kú, ilé rẹ̀ á di ahoro. Báyìí, baálé ilé wà láàyè, ó ń bẹ ní Èkó, ní Àbújá tàbí ní London. Ó kọ́ ilé alájà méjì sí ìlú baba rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ọdún Kérésì tàbí Iléyá ló ń gbé e wálé. Koríko kò dúró dè é. Àwọn mìíràn ń fi owó ránṣẹ́ pé kí ọmọ ẹnì kan lọ fín oògùn apakoríko síbẹ̀. Ó yá, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n oògùn kò mọ ẹ̀bọ̀lọ̀ yàtọ̀ sí èésún, bí ilẹ̀ bá sì hó, ọ̀gbàrá á máa jẹ ìdí ilé. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 nítorí oró rẹ̀.

Kí ni òfin lè ṣe fún ilé àtìpa? Nǹkan púpọ̀, bí wọ́n bá lò ó. Òfin ìlera ti fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ pé bí wọn kò bá rí onílé, kí wọ́n ṣán ibẹ̀ fúnra wọn, kí wọ́n sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tí ẹnì kan kò ní ṣí títí ọdún yóò fi yípo kò wúlò. Ó yẹ kí ó lọ sí ọwọ́ olórí ẹbí, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, tí wọ́n mọ onílé lójú àti lórúkọ. Kí àwọn ọ̀dọ́ agbègbè náà gba iṣẹ́ náà, kí owó rẹ̀ sì dé ọwọ́ wọn. Ó sì yẹ kí wọ́n parí rẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó wọlé, nígbà tí koríko ṣì tutù, nítorí bí ọyẹ́ bá fi lè bá èésún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ òórùn èéfín.